Agbára Ọkọ̀ Kò Sí Nínú Gíga: Ìtàn Wágọ́nù tí Ẹ́ńjìnnì Ń Yí Taya Rẹ̀ Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin

Bí òjò bá ti sọ ọ̀nà oko di ẹrẹ̀, gíga ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń wò. Ọkọ̀ tí ó bá ga, tí taya rẹ̀ tóbi, tí ó sì dúró bí ọba láàrin ìjòyè, wọn a ní jíìpù ni, kò sí ibi tí kò lè dé. Èyí tí ó bá rẹlẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn bíi ti àwọn wágọ́nù tí wọ́n fi ń kó èrò láyé ijọ́un, wọn a ní ọkọ̀ títì ọlọ́dà ni, kí ó má gbìyànjú ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ọkọ̀ gíga tí ó ń wọ ilẹ̀ wa gẹ́gẹ́ bíi tòkunbọ̀, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò yí ju taya iwájú méjì lọ kò kéré níye. Ẹni tí ó rà á kò mọ̀. Ọjọ́ tí ó bá wọ ẹrẹ̀ ni yóò tó mọ̀ pé gíga ni òun san owó fún, kì í ṣe agbára.

Ní ibòmíràn láyé, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí àwọn ènìyàn ti ń fi wágọ́nù rírẹlẹ̀ rin ọ̀nà oníyanrìn, ọ̀nà òkúta àti ọ̀nà tí yìnyín bò. Ìtàn bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe tàn káyé yẹ ní mímọ̀, nítorí pé kò ti ọwọ́ ológun wá, bẹ́ẹ̀ ni kò ti ọwọ́ olówó tí ń wá fàájì wá. Iṣẹ́ òòjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ iná mànàmáná ni ó bí i.

Ogun ni ó kọ́kọ́ la ojú ayé sí ọ̀rọ̀ taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, jíìpù tí ilé-iṣẹ́ Willys-Overland àti Ford ṣe fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi hàn pé ọkọ̀ kékeré lè la ẹrẹ̀ àti iyanrìn kọjá bí agbára ẹ́ńjìnnì bá dé ọ̀dọ̀ taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní 1948, ilé-iṣẹ́ Rover ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé Land Rover jáde, iṣẹ́ oko ni wọ́n sì kọ́kọ́ ní lọ́kàn. Ní 1949, Willys bẹ̀rẹ̀ sí í ta wágọ́nù tirẹ̀ pẹ̀lú irú ẹ̀rọ kan náà. Àwọn ará Soviet náà kò gbẹ́yìn. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1950, wọ́n ṣe Moskvitch 411, wágọ́nù kékeré tí taya rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣiṣẹ́, fún àwọn ìgbèríko tí ọ̀nà wọn kò dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di 1961, wọ́n ti dá ṣíṣe rẹ̀ dúró.

Nítorí náà, kò tọ̀nà kí ẹnikẹ́ni wí pé ibì kan ṣoṣo ni èrò náà ti sú yọ. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé fún bí ogún ọdún lẹ́yìn ogun, ẹni tí ó bá fẹ́ ọkọ̀ tí ó lè kúrò lórí títì ní láti fara da ìyà púpọ̀. Jíìpù àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ le bí àpáta, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń mu epo, òtútù a sì máa wọ inú èyí tí ó ní òrùlé aṣọ. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ìrọ̀rùn ọkọ̀ ilé gbọ́dọ̀ dúró sórí ọ̀dà. Àárín ọ̀nà méjèèjì yìí ṣófo.

Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó kún àlàfo náà wà ní apá àríwá ìlà-oòrùn Honshu, erékùṣù tí ó tóbi jù ní Japan. Ní ìgbà òtútù, yìnyín a máa bo àwọn òkè agbègbè náà mọ́lẹ̀. Wáyà iná kò sì mọ ìgbà òtútù yàtọ̀ sí ìgbà ooru. Bí ó bá já, ẹnìkan gbọ́dọ̀ gun òkè lọ tún un ṣe. Jíìpù ni ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná Tohoku ń lò fún iṣẹ́ yìí, òtútù inú rẹ̀ sì ń pọ́n àwọn òṣìṣẹ́ lójú. Ilé-iṣẹ́ náà wá lọ bá àwọn tí ń ta ọkọ̀ Subaru ní ìpínlẹ̀ Miyagi. Ohun tí wọ́n béèrè kò le láti sọ, ó le láti ṣe: ọkọ̀ tí ó bo ènìyàn dáadáa, tí ó rọrùn láti wà bí ọkọ̀ ilé, tí yóò sì lè gun òkè nínú yìnyín.

Kì í ṣe olú ilé-iṣẹ́ ni ó kọ́kọ́ dá wọn lóhùn. Inú ọgbà àtúnṣe ọkọ̀ àwọn tí ń ta ọjà náà ní Miyagi ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n mú Subaru kan tí wọ́n ń pè ní ff-1 1300G, ọkọ̀ ẹlẹ́rù kékeré tí taya iwájú rẹ̀ nìkan ń fà á. Wọ́n wá lọ mú irin ìdí ọkọ̀ àti gíà ẹ̀yìn láti ara Nissan Bluebird, ọjà ilé-iṣẹ́ mìíràn pátápátá, wọ́n sì so wọ́n pọ̀ títí taya ẹ̀yìn náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ohun tí gbogbo mẹkáníìkì ní ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ dáadáa ni: bí èyí tí a ní kò bá tó, a ó wá èyí tí ó bá a mu láti ara òmíràn.

Nígbà tí Fuji Heavy Industries tí ó ni Subaru rí iṣẹ́ náà, wọ́n gbà á mọ́ra. Mẹ́jọ péré ni wọ́n ṣe nínú irú ọkọ̀ yìí. Wọ́n gbé e síta fún ayé ní ìpàtẹ ọkọ̀ Tokyo ní 1971. Nígbà tí ó di oṣù kẹsàn-án ọdún 1972, wọ́n gbé Leone oní-taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde fún títà. Wágọ́nù ni. Ẹni tí ó bá rí i lójú pópó lè rò pé ọkọ̀ ìyàwó ilé tí ń lọ sọ́jà ni.

Ìdí tí iṣẹ́ náà fi bọ́ sí i wà nínú bí Subaru ṣe to ẹ̀rọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dùbúlẹ̀ ni. Àwọn písítìnnì rẹ̀ wà ní apá òsì àti apá ọ̀tún, wọn kò nàró sókè bíi ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì yìí ni gíà wà, ó sì kọjú sí ìdí ọkọ̀ tààrà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí agbára dé ẹ̀yìn kò ní ju kí ó fa irin gbọọrọ kan láti ìdí gíà lọ sáàrin taya ẹ̀yìn. Nítorí pé ẹ́ńjìnnì dùbúlẹ̀, ìwúwo ọkọ̀ wà nísàlẹ̀, ọkọ̀ kì í sì í tètè fì ní kọ́nà. Àwọn tí ó ya ẹ́ńjìnnì náà kò ronú òkè oníyìnyín rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí àìní dé, ó bá ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀.

Ó ní ibi tí agbára ọkọ̀ yẹn mọ. Lórí títì, taya iwájú nìkan ni ó ń fa Leone. Bí ọ̀nà bá burú, awakọ̀ a fa ọ̀pá kan kí ti ẹ̀yìn tó dara pọ̀. Kò sì gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀dà gbígbẹ. Ìdí ni pé bí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà, ọ̀nà tí taya iwájú ń rìn gùn ju ti ẹ̀yìn lọ. Lórí iyanrìn tàbí yìnyín, taya a yọ̀ díẹ̀, ìyàtọ̀ náà a tán síbẹ̀. Lórí ọ̀dà, taya kò ráyè yọ̀, inú gíà ni wàhálà náà yóò ti parí. Nígbà tí ó yá, wọ́n fi ẹ̀rọ kan sáàrin tí ó ń fàyè gba iwájú àti ẹ̀yìn láti yí ní ìwọ̀n tirẹ̀, taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì lè máa ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo láìsí ọ̀pá fífà. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà láàrin ohun tí a ń yí sí nígbà ìṣòro àti ohun tí ó ń bá ni gbé lójoojúmọ́.

Láti Japan, ọkọ̀ náà gba Amẹ́ríkà lọ. Malcolm Bricklin àti Harvey Lamm ni ó dá Subaru ti Amẹ́ríkà sílẹ̀ ní 1968, ọkọ̀ kékeré kan tí kò rí ojúrere púpọ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń tà. Wágọ́nù oní-taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó dé ibẹ̀ láàrin àwọn ọdún 1970 ni ó wá ibùgbé fún orúkọ náà. Àwọn tí ń gbé níbi tí yìnyín pọ̀ sí ni wọ́n rà á: àgbẹ̀, olùkọ́, nọ́ọ̀sì, àwọn tí iṣẹ́ wọn kò gbà wọ́n láyè láti dúró sílé nítorí pé ojú ọjọ́ kò dára.

Àwọn yòókù rí i, wọ́n sì tẹ̀ lé e. Ní 1979, American Motors fi Eagle hàn, ọkọ̀ ilé tí wọ́n gbé sókè díẹ̀ tí wọ́n sì fi agbára sí taya rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wágọ́nù wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń ṣe é títí di 1987. Ní 1980, Audi gbé Quattro jáde ní Geneva. Èyí kì í ṣe wágọ́nù, ṣùgbọ́n ìdíje ni ó fi parí àríyànjiyàn: kò pẹ́ tí àwọn tí ọkọ̀ wọn ní taya méjì tí ń fà fi rí i pé àwọn kò lè bá a sáré mọ́ lórí ilẹ̀ yíyọ̀.

Ibi tí ìtàn yìí ti kan ilẹ̀ wa ni Peugeot 504. Wọ́n gbé e jáde ní France ní 1968, nígbà tí ó sì di 1975, ilé-iṣẹ́ tí ń to ọkọ̀ Peugeot ní Kaduna ti ṣí. Wágọ́nù 504 di ẹṣin àwọn awakọ̀ ìrìn-àjò jíjìn. Kò sí gáréèjì ńlá tí a kò ti rí i, tí èrò kún inú rẹ̀, tí ẹrù kún orí rẹ̀. Ní East Africa, 504 gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje Safari ní 1975 àti 1978. Àwọn ará Yúróòpù a sì máa ra àlòkù rẹ̀, wọn a wà á láti Algiers gba Tamanrasset àti Agadez kọjá nínú aṣálẹ̀ Sahara, kí wọ́n lè tà á ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ṣùgbọ́n taya ẹ̀yìn méjì péré ni ẹ́ńjìnnì 504 ń yí. Báwo ni wọ́n ṣe la Sahara kọjá? Ṣọ́bìrì ni, àti pátákó irin oníhò tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ taya, àti afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń yọ kúrò nínú taya kí ó lè tẹ́ pẹrẹsẹ lórí iyanrìn, àti sùúrù. Bí ọkọ̀ bá rì, wọn a sọ̀ kalẹ̀, wọn a gbẹ́lẹ̀, wọn a tún gbéra. Ẹni tí ó bá ní ìgbéraga kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ní ilẹ̀ France kan náà, ní agbègbè Alsace, Henry Dangel wo 504 yìí, ó rí ohun tí ó kù ú kù. Ní 1980 ó fi wágọ́nù àti píkọ́ọ̀pù 504 tí òun ti yí padà hàn ní Paris: ó ti gbé wọn sókè, ó sì ti fún taya iwájú ní agbára. Ara ọkọ̀ ni ara tí gbogbo Áfíríkà mọ̀. Ìrìn rẹ̀ ni ó yàtọ̀.

Àárín àwọn ọdún 1990 ni ọ̀rọ̀ yí padà, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí òǹkàwé ti fetí sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọkọ̀ gíga tí a ń pè ní jíìpù lónìí ti ń gba ọjà lọ́wọ́ wágọ́nù. Subaru kò ní irú rẹ̀. Wọ́n wá mú wágọ́nù Legacy tí wọ́n ní, wọ́n gbé e sókè díẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Outback, orúkọ tí àwọn ará Australia ń pe àárín gbùngbùn ilẹ̀ wọn tí ó gbẹ, tí ènìyàn kò pọ̀ níbẹ̀. Paul Hogan, òṣèré Australia tí fíìmù ti sọ di ìlú mọ̀ ọ́ ká, ni ó ṣe ìpolówó rẹ̀. Ọjà náà tà gan-an. Volvo ṣe tirẹ̀, V70 XC, ní 1997. Audi náà sì gbé allroad jáde lẹ́yìn rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni àwòrán ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣáájú iṣẹ́. Ọkọ̀ tí a kọ́kọ́ ṣe kí òṣìṣẹ́ lè dé ibi iṣẹ́ di ọkọ̀ tí a ń rà nítorí ibi tí a lálàá pé a ó lọ. Ìyẹn nìkan kò burú. Àlá náà ń mú ènìyàn kúrò nílé. Ewu rẹ̀ ni pé orúkọ lè mú kí awakọ̀ gbàgbé ibi tí agbára ọkọ̀ rẹ̀ mọ. Ilé-iṣẹ́ mìíràn wá gbé e dé òpin: wọ́n pa gíga mọ́, wọ́n sì jẹ́ kí oníbàárà fi owó díẹ̀ ra èyí tí taya méjì péré ń fà. Àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó tún ń dé ọ̀dọ̀ wa nígbà tí ẹlòmíràn bá ti lò wọ́n tán.

Àwọn tí wọ́n ń fi wágọ́nù oní-taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rin ìrìn-àjò jíjìn lónìí, yálà ní Australia, ní Iceland tàbí ní aṣálẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí àwọn ará Sahara ìgbàanì mọ̀. Èkíní ni ẹrù. Wágọ́nù fẹ́ràn ẹrù nísàlẹ̀, láàrin taya iwájú àti ti ẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá di àgọ́, omi àti epo lé orí òrùlé ti sọ ọkọ̀ rírẹlẹ̀ di gíga, ó sì ti ju àǹfààní rẹ̀ nù. Èkejì ni taya. Taya tí ó yẹ ilẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ju ọ̀pọ̀ ohun ọ̀ṣọ́ lọ, kí wọ́n sì yọ díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó wọ iyanrìn, kí wọ́n dá a padà kí wọ́n tó padà sórí ọ̀dà. Àwọn arìnrìn-àjò a máa gbé ojúlówó taya ìpààrọ̀ dání dípò èyí kékeré tí wọ́n fi fún àwọn kan láti ilé-iṣẹ́.

Ẹ̀kẹta ni àyè tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀. Ti Outback òde òní tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 21, èyí tí ó tó fún ọ̀nà eruku, fún kòtò tí kò jìn àti fún òkúta kéékèèké. Kò tó fún ipa taya ọkọ̀ agbégilódò tí ó ti jìn sínú ẹrẹ̀. Níbẹ̀, ikùn ọkọ̀ yóò gúnlẹ̀, taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò sì máa yí lásán. Bí ó bá jẹ́ odò kékeré ni ó dábùú ọ̀nà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́kọ́ là á, kí wọ́n mọ bí omi ṣe jìn tó àti bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe le tó. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.

Ẹ̀kẹrin ni ó ń pa ènìyàn jù, kò sì ní ohun kan í ṣe pẹ̀lú aṣálẹ̀. Agbára lórí taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ran ọkọ̀ lọ́wọ́ láti gbéra. Kì í ràn án lọ́wọ́ láti dúró. Gbogbo ọkọ̀, títí kan èyí tí taya méjì ń fà, ni ó ní bírékì lórí taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Awakọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ gbéra wọ̀ọ̀ lórí ọ̀nà tí òjò ti sọ di yíyọ̀, tí ó wá rò pé yóò dúró bí ó ṣe gbéra, ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ẹlòmíràn wéwu.

Fún ẹni tí ó fẹ́ ra ọkọ̀ ní ilẹ̀ wa, tí ọ̀nà ìlú rẹ̀ sì ń bàjẹ́ nígbà òjò, ìtàn yìí ní ohun tí ó lè ṣe fún un. Kí ó má wo gíga, kí ó má sì gba orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ gbọ́. Kí ó tẹ́ nǹkan sílẹ̀, kí ó dùbúlẹ̀, kí ó wo abẹ́ ọkọ̀ náà. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ tí ń lo epo pẹtiróòlù bíi ti gbogbo ayé, yóò rí irin gbọọrọ tí ó ti abẹ́ gíà lọ sáàrin taya ẹ̀yìn bí agbára bá ń dé ibẹ̀ ní tòótọ́. Bí kò bá rí i, taya iwájú méjì ni ó ń rà, kí ó sì san iye tí ó tọ́ sí taya méjì.

Irin gbọọrọ yẹn ni àwọn ará Miyagi fi kún ọkọ̀ kékeré kan ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn òṣìṣẹ́ iná tí ó béèrè fún un kò wí pé àwọn fẹ́ ṣẹ́gun òkè. Wọ́n fẹ́ dé ìdí òpó, kí wọ́n tún wáyà tí ó já so, kí wọ́n sì padà délé láàyè.